Ohun Tí Ó Ń Jẹ Irin Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò Kí A Tó Fi Irin Líle Bò Ó

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin jórinjórin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá síbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Irin méjì ni mo gbé sórí tábìlì yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ máa gbà wọ́n láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Èkínní jẹ́ abala kan lára abẹ tí ó lọ́ mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ bí ìkarahun ìgbín, irú èyí tí ń ti iyanrìn tàbí sìmẹ́ńtì láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ fi ìka kan etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ó ti fẹ́lẹ́ débi pé ó lè gé yín lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Èkejì jẹ́ eyín kan láti ẹnu garawa ẹ̀rọ ìwalẹ̀. Òun kò dán ní tirẹ̀. Ó rí gbágungbàgun, kòtò àti ojú ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ káàkiri, imú rẹ̀ tí ó mú ṣóńṣó nígbà kan sì ti kú pátápátá. Iṣẹ́ ti jẹ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó jẹ wọ́n kì í ṣe ẹnu kan náà. Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí dúró lé.

Irin kì í pariwo bí ó bá ń jẹ. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ bá ṣẹ́ lójijì, gbogbo ènìyàn á sáré lọ wò ó, wọn á sì wádìí ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, èyí tí ó sì ń dín kù ní fífẹ̀ irun orí kan lóòjọ́ kì í ní ẹni tí yóò bi í léèrè títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dúró. Ní ọdún 1966, ìgbìmọ̀ kan tí Peter Jost darí gbé ìròyìn kan ka iwájú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú ìròyìn yẹn ni ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń ra ara wọn tí wọ́n sì ń jẹ ara wọn ti gba orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí, tribology, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ríra nǹkan mọ́ nǹkan. Ìwádìí tí Kenneth Holmberg àti Ali Erdemir tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tí ayé ń lò ni ó ń bá ibi tí nǹkan ti ń ra ara wọn lọ, àti pé nínú ìdá 23 yẹn, ìdá 3 jẹ́ agbára tí a ń ná láti tún ohun tí ó ti jẹ ṣe, tàbí láti rọ òmíràn dípò rẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwa ń pè ní hardfacing jẹ́ ọ̀nà kan láti dín ìnáwó yẹn kù. A ó mú irin tí ó le gan-an, a ó yọ́ ọ lé ojú irin lásán, ojú méjèèjì á jọ yọ́ níbi tí wọ́n ti pàdé, wọn á sì dì pọ̀ di ara kan. Irin abẹ́ ni yóò máa ru ẹrù, òun ni yóò máa gba ìlù, nígbà tí awọ líle tí a dà lé e yóò máa dojú kọ ohun tí ń jẹ ẹ́. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú fi irin líle náà ṣe gbogbo ẹ̀rọ. Ìdí ni pé ohun tí ó bá le tó bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ bí àwo bí a bá gbé ẹrù lé e tàbí tí a bá lù ú. Eyín tí ó wà lẹ́nu wa pàápàá, ìpele fẹ́lẹ́ kan ni ó le jù lọ níta rẹ̀, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rọ̀ jù ú lọ, ìyẹn ni a sì fi lè jẹ nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé eyín là sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ iyanrìn, nítorí òun ni ọ̀tá tí ó wọ́pọ̀ jù. Bí ẹ bá fi díńgí tí ń mú nǹkan tóbi wo abẹ tí ó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ ó rí i pé ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín ni ó pọ̀ lójú rẹ̀ tí ó fi ń dán, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà tí iyanrìn ń gbà kọjá. Horo kọ̀ọ̀kan ti fi etí rẹ̀ ha irin náà, ó bù ú díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iyanrìn lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó le ju irin lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé bí iyanrìn ṣe ń dà nù láàárín ìka ni a mọ̀ ọ́n sí, a kì í ronú nípa horo rẹ̀ kan ṣoṣo. Òṣùwọ̀n kan wà tí a ń pè ní Vickers, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti le tó: wọ́n á tẹ ṣóńṣó dáyámọ́ńdì mọ́ ọn, wọ́n á sì wọn ojú àpá tí ó bá fi sílẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n yìí, irin tí a fi ń kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ kì í sábà kọjá 200. Irin tí a sun pọ́n tí a sì rì bọ omi tàbí òróró kí ó lè le, lè tó 700 tàbí 800. Òkúta quartz, tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn, wà ní nǹkan bí 1100. Nítorí náà, bí a bá fi gbogbo ọgbọ́n wa mú irin lásán le, iyanrìn ṣì ń borí rẹ̀.

Ohun tí ó borí iyanrìn ni kábáìdì, ìyẹn ohun tí a ń rí nígbà tí kábọ́ọ̀nù bá so mọ́ irú irin bíi kírómíọ́mù tàbí tungsten. Kábáìdì kírómíọ́mù lè tó 1500 lórí òṣùwọ̀n kan náà, ti tungsten sì ń kọjá 2000. Ọ̀pá ìjórin tí a máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí jù ní kírómíọ́mù bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù bí ìdá 3 sí 5. Bí irin yíyọ́ náà ṣe ń tutù, ọ̀pá kéékèèké kábáìdì á yọ jáde nínú rẹ̀, irin tí ó rọ̀ jù wọ́n lọ á sì dì wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí sìmẹ́ńtì ṣe ń di òkúta wẹ́wẹ́ mú nínú kọnkéré. Iyanrìn tí ó bá ń ha ojú irú irin bẹ́ẹ̀ kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu ohun tí ó le jù ú lọ, etí òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kú.

Mo fẹ́ kí àwọn tí ń ra ọ̀pá ìjórin gbọ́ ibí yìí dáadáa, nítorí owó púpọ̀ ti ṣòfò síbẹ̀. Nọ́ńbà líle tí a kọ sára páálí kò tó fún wa láti mọ bí irin yóò ti pẹ́ tó. Ọ̀pá méjì lè wà tí àwọn méjèèjì á jẹ́ 60 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C, òṣùwọ̀n líle mìíràn, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan jẹ́ irin tí ó le káàkiri ara rẹ̀ láìní kábáìdì ńlá nínú, kí èkejì sì jẹ́ irin tí ó kún fún kábáìdì. Nínú iyanrìn, èkejì á pẹ́ ju èkínní lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ orí òṣùwọ̀n, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò kan fi wà tí a mọ̀ sí ASTM G65. Wọ́n á fi pẹlẹbẹ irin tí wọ́n fẹ́ dán wò ti ara táyà rọ́bà kan tí ń yí, wọ́n á máa da iyanrìn gbígbẹ sáàárín wọn ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró, ìwúwo tí ó tó 130 newton ni yóò sì máa tì wọ́n mọ́ra. Nínú ọ̀nà tí ó le jù nínú àyẹ̀wò náà, táyà yìí á yí ní ìgbà 6000. Wọ́n á wọn irin náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó bá parí, ohun tí ó bá sì dín kù ni ìdáhùn. Bí ẹni tí ń ta ọ̀pá fún yín bá ní èsì àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́, òun ni kí ẹ béèrè.

Ẹ wá wo eyín ẹ̀rọ ìwalẹ̀. Àpáta ni ó ń bá jà, kì í ṣe iyanrìn nìkan, àpáta sì ń gbá a kí ó tó ha á. Èdè wa ti fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí gbogbo jórinjórin mọ ìyàtọ̀ wọn: kí nǹkan le, àti kí nǹkan yi. Díńgí le, ṣùgbọ́n kò yi. Rọ́bà yi, ṣùgbọ́n kò le. Nínú irin, bí a bá ṣe ń wá líle sí i ni a sábà máa ń pàdánù yíyi, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bo ohun tí a ń lù gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé òun á fi díẹ̀ lára líle sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ná mi ní nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan gbé òòlù ẹ̀rọ ìfọ́kúta wá fún wa pé kí a bò ó. Ọ̀pá tí ó le jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo mú, mo sì jó o ní ìpele mẹ́rin léra wọn, nítorí mo gbà pé bí ó bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà tí awọ tí mo dà lé e fi ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo igi gbígbẹ, àwọn èyí tí ó já bọ́ sì bá òkúta lọ sínú ajọ̀, wọ́n fà á ya. Mo lọ ṣa díẹ̀ nílẹ̀. Kò jẹ rárá. Ojú rẹ̀ ṣì rí bí ọjọ́ tí mo jó o, ìyẹn gan-an ni ó sì dùn mí jù, nítorí ó túmọ̀ sí pé ohun tí mo fi gbogbo agbára mi gbógun tì kọ́ ni ó ń ṣe òòlù náà. Lílù ni ó ń ṣe é, mo sì lọ fi ohun tí ó fẹ́ràn láti fọ́ bò ó.

Irin tí ó mọ bí a ṣe ń gba ìlù ni èyí tí Robert Hadfield rí ní ìlú Sheffield ní ọdún 1882. Máńgánísì inú rẹ̀ tó ìdá 12 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ìdá 1. Bí ó bá jẹ́ tuntun, kò le lọ títí, nǹkan bí 200 lórí Brinell, òṣùwọ̀n líle mìíràn, ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń lù ú ni ojú rẹ̀ ń le sí i, títí yóò fi tó 500 tàbí kọjá bẹ́ẹ̀, tí inú rẹ̀ á sì wà ní yíyi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àgbọ̀n ẹ̀rọ ìfọ́kúta àti ibi tí ojú irin reluwé ti ń kọjá lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé irin kan náà lọ síbi tí iyanrìn ti ń rọra ha á láìsí ìlù, yóò jẹ bí irin lásán, nítorí kò rí ohun tí yóò jí líle rẹ̀ dìde. Fún eyín tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ara yín yìí, tí àpáta ń lù tí iyanrìn sì ń ha, ọ̀nà tí mo ń tọ̀ báyìí ni kí n fi irin tí ó yi gbé e padà sí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí n wá fi ìpele kan, ó pọ̀ jù méjì, ti irin líle parí rẹ̀. Níbi tí irin abẹ́ àti irin òkè kò bá ti lè bá ara wọn gbé, mo máa ń fi ìpele irin aláìdípẹtà kan ṣe onílàjà láàárín wọn.

Irin tí ó ń ra irin, pàápàá nínú ooru, ní oògùn tirẹ̀, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlà híha kọ́ ni. Ojú irin méjì máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á sì ya ara wọn bí wọ́n ti ń kúrò. Elwood Haynes, ará Kokomo ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ lórí àdàlù kóbáltì àti kírómíọ́mù ní ọdún 1907, ó sì fi ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ìràwọ̀ sọ ọ́ ní Stellite nítorí bí ó ṣe ń dán. Ohun tí ó mú kí ó gbajúmọ̀ ni pé líle rẹ̀ kì í sá lọ bí ó bá pọ́n nínú iná, ojú rẹ̀ kì í sì í tètè lẹ̀ mọ́ irin tí ó bá ń ra. Títí di òní, ojú fáàfù inú ẹ́ńjìnnì àti ti páìpù ooru omi gbígbóná ni wọ́n ń fi í bò jù.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ ni àbùlà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí omi ń ṣe fún ohun mímu tí a bá bù ú sí. Irin náà ní omi tirẹ̀. Nígbà tí iná ọ̀pá ìjórin bá yọ́ irin líle, ó ń yọ́ irin abẹ́ pẹ̀lú, àwọn méjèèjì á sì pò pọ̀ nínú adágún kékeré tí ó wà lábẹ́ iná yẹn. Ká ní ọ̀pá yín ní kírómíọ́mù ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí irin abẹ́ kò ní rárá, tí irin abẹ́ sì jẹ́ ìdá 30 nínú ohun tí ó wà nínú adágún náà. Ìpele kìn-ín-ní tí ẹ jó kì í ṣe ohun tí ẹ rà: kírómíọ́mù inú rẹ̀ kò ju ìdá 21 lọ. Bí ẹ bá jó ìpele kejì lé e ní ọ̀nà kan náà, ìpele kìn-ín-ní ni yóò bù ú là, yóò sì tó ìdá 27.3. Ìpele kẹta á sún mọ́ ìdá 29.2. Kábọ́ọ̀nù náà ń tẹ̀ lé ìṣirò yìí, tí kábọ́ọ̀nù bá sì dín, kábáìdì á dín. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọ̀pá fi máa ń ní kí a jó o ní ìpele méjì, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí a kọjá mẹ́ta, nítorí pé lẹ́yìn ìkẹta a kò jèrè kírómíọ́mù mọ́, ohun tí a ń kó jọ ni ìfàro, ìyẹn fífà tí irin ń fa ara rẹ̀ bí ó ṣe ń tutù, tí yóò mú kí awọ náà bó.

Ọwọ́ jórinjórin ni àbùlà wà ju ibi gbogbo lọ. Ẹni tí ó bá gbé agbára iná sókè jù, tí ó sì kọjú iná sí irin abẹ́ dípò kí ó kọjú rẹ̀ sí etí ìlà tí ó ti jó ṣáájú, á jó ìlà tí ó dán tí ó sì wu ojú, ṣùgbọ́n àbùlà ni ó tà fún oníbàárà. Ọ̀pá ọlọ́wọ́ tí a mọ̀ jù máa ń bù là ní ìdá 15 sí 30. Ọ̀nà tí a fi ń da lẹ́búlẹ́bú irin sínú iná plasma máa ń wà láàárín ìdá 5 sí 15, ti iná laser sì lè má tó ìdá 5, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìpele kan ṣoṣo tí ó fẹ́lẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ìpele méjì. Jíjó lábẹ́ ìyẹ̀fun tí ń bo iná mọ́lẹ̀ máa ń yára, ó sì dára fún rólà ńláńlá, ṣùgbọ́n àbùlà rẹ̀ pọ̀. Fún kábáìdì tungsten, ewu mìíràn tún wà: horo rẹ̀ wúwo ju irin yíyọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí náà bí adágún náà bá pẹ́ kí ó tó dì, gbogbo wọn á rì sísàlẹ̀, bí ó bá sì gbóná jù, horo náà fúnra rẹ̀ á yọ́ sínú irin, kò ní sí ohun tí yóò bá iyanrìn jà mọ́.

Ooru lọ́nà mìíràn tún ń bà iṣẹ́ jẹ́. Irin tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ yáná kí a tó jó o, ní 150°C sí 300°C ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí irú irin náà ṣe rí àti bí ó ṣe nípọn tó. Bí a bá jó o ní tútù, ara rẹ̀ tí ó tóbi á fa ooru ìlà ìjórin mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, abẹ́ ìlà náà á wá le gbandi bí irin tí a rì bọ omi. Bí ọ̀rinrin bá tún wà lára ọ̀pá, háídrójìn á wọ inú ibi líle yẹn, yóò sì là á, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì tí jórinjórin ti gbowó lọ sílé. Irin Hadfield ni òdìkejì rẹ̀. Òun kò gbọ́dọ̀ yáná, kò sì yẹ kí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń jó kọjá nǹkan bí 260°C, nítorí bí ó bá pẹ́ nínú ooru tí ó ju ìyẹn lọ, kábáìdì á yọ sí inú rẹ̀ níbi tí a kò fẹ́, yíyi rẹ̀ á sì lọ. Ìlà kúkúrú kúkúrú ni kí a jó, kí a kúrò níbẹ̀ lọ jó ibòmíràn, kí a máa fi chalk tí ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan pàtó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú wa lè máa sọ fún wa ìgbà tí ó yẹ kí a dúró.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jó irin alákábáìdì kírómíọ́mù máa ń bẹ̀rù. Kò tíì pẹ́ tí ó gbé ọ̀pá kúrò tí yóò gbọ́ tí irin náà ń ké, tá, tá, tá, tí ìlà fíntínfíntín á sì sán kọjá lójú ìjórin náà ní ìwọ̀n ìbú ìka kan síra wọn. Sísán yìí kì í ṣe àbùkù. Awọ náà ń fún bí ó ṣe ń tutù, kò sì lè nà, nítorí náà ó ń là kí ìfàro inú rẹ̀ lè tú; irin tí kò là tó ni ó yẹ kí a fura sí pé àbùlà ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a ń ṣọ́ ni pé kí sísán náà má wọ inú irin abẹ́, ohun tí kò sì dára ni sísán tí ó bá ìlà ìjórin lọ gbọọrọ, tàbí èyí tí ó gba abẹ́ awọ náà lọ, nítorí pé irú èyí ni ó ń jẹ́ kí ó bó. Níbi tí sísán kò ti gbọdọ̀ sí rárá, bí ojú fáàfù, irú irin mìíràn ni kí a lò.

Bí a ṣe ń to ìlà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, a kò sì ní láti bo gbogbo ojú. Bí àpáta ńlá bá ni ẹ̀rọ ń bá pàdé, kí ìlà kọjú sí ibi tí àpáta ń gbà kọjá, kí àpáta lè máa yọ̀ lórí wọn. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn kúnná, kí ìlà dábùú ọ̀nà rẹ̀, kí iyanrìn lè há sáàárín ìlà kan àti èkejì. Iyanrìn tí ó há yẹn ni yóò máa gba híha tí irin ì bá gbà. Bí méjèèjì bá dàpọ̀ mọ́ ara wọn, a ń to ó ní onígun mẹ́rin mẹ́rin bí ojú àwọ̀n. Níbi tí ooru ti lè ba irin abẹ́ jẹ́, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tí ó jìnnà síra wọn tó.

Èéfín iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ lásán mú. Ọ̀pá tí kírómíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀ ń tú irú kírómíọ́mù kan jáde tí ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ti máńgánísì sì lè ba iṣan ọpọlọ jẹ́ bí a bá ń fà á símú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2017, àjọ IARC ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín ìjórin lápapọ̀ mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ tí ń fa èéfín mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń jó gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe fáànù tí ó ń fẹ́ ẹ káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ìbòmú tí ó ní asẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. Mo ti bá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ ṣiṣẹ́, tí èémí kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn méjì láìdúró, n kò sì ní rọra sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ má ṣe gbé ọ̀pá tí ẹ kò bá ní ìbòmú.

Ó ku ìgbà tí ó yẹ kí a gbé e padà wá. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró títí awọ líle náà á fi tán pátá, tí iyanrìn á sì ti jẹ irin abẹ́ wọnú. Nígbà náà, kíkọ́ irin abẹ́ padà á gba ọ̀pá àti wákàtí ju ti awọ fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá sì kù díẹ̀ díẹ̀ káàkiri, ẹ má ṣe jó tuntun lé àjẹkù tí ó ti sán lórí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Ibi tí ó bá dún gangan ṣì di irin abẹ́ mú. Ibi tí ó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo ti bó lábẹ́, ẹ họ ọ́ kúrò títí ẹ ó fi dé irin tí ó mọ́. Ní ti abẹ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá yẹn, ẹ bá mi yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ìlà mẹ́ta ṣì hàn níbẹ̀ tí a dábùú ọ̀nà iyanrìn, irin tí ó wà láàárín wọn kò sì tíì jẹ.